Máàpù Ara Ògiri Onígbàjámọ̀

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Onígbàjámọ̀ ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀, ó ní kì í ṣe torí irun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ogun ìlú òkèèrè yìí ti fẹ́ tú ṣọ́ọ̀bù òun ká. Rédíò kan á ní àwọn báyìí ló ń borí, rédíò kejì á ní irọ́ ni, àwọn oníbàárà á sì máa naka síra wọn lójú nígbà tí abẹ wà lọ́rùn ẹnì kan. Ó ní bí a bá ya máàpù sára ògiri, kálukú á fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ogun dé, ariwo á dínkù. Mo bi í pé ta ni yóò yà á. Ó kàn ń wò mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Láti ọdún méjì tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan ṣoṣo táwọn èèyàn ń bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mi ò jẹ́ kó hàn.

Ìyàwó mi ní ogun orúnkún mi ò tíì parí, mo tún ń lọ gba ti ẹlòmíì jà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé átíláàsì mi, rúlà gígùn àti pẹ́ńsù lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nílé ìwé náà ni mo ṣe é: mo fa àpótí kéékèèké sójú ìwé, mo fa àpótí ńláńlá iye kan náà sára ògiri, ohun tó bá wà nínú kékeré, mo gbé e sínú ńlá tó ṣe déédéé rẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀, kíkà ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gágun ò jẹ́ kí n kà ní àlàáfíà. Ọ̀gágun ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n bàtà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń pín fáwọn ṣójà títí tó fi kúrò nínú iṣẹ́. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ní Ará Òkè á gba gbogbo ilẹ̀ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ tí àwọn tó ń jà náà ń jẹ́ gan-an ò gba ẹnu ẹnikẹ́ni níbí, ìyẹn la ṣe ń pe àwọn tó ń bọ̀ látòkè ní Ará Òkè, tí a sì ń pe àwọn tí wọ́n ń gbógun tì ní Ará Ìsàlẹ̀. Mo dá a lóhùn pé odò ńlá wà láàárín, pé Ará Òkè á kọ́kọ́ di ẹja kí wọ́n tó rékọjá. Onítáyà, tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú láti wá gbè mí. Mò ń kà, mò ń jiyàn, mò ń sààmì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi jiyàn. Nígbà tí mo délé, orúnkún mi wú, mi ò sì ráhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ó parí. Ọ̀dà búlúù ni mo fi kun odò, dúdú ni àwọn ìlú. Ìlà ogun fúnra rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni, kí a lè máa nù ún. Àwọn tí irun wọn ò tíì kún ń wọlé wá wò ó.

Àbúrò mi obìnrin wá láti ibi ìránṣọ rẹ̀, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò wo ìlà ogun rárá. Ó ní, "Bùọ̀dá, ọmọ mi dà níbẹ̀?" Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, nọ́ọ̀sì ni lọ́hùn-ún, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé, nínú ìlú kan tó wà létí odò gan-an. Mo fi rúlà hàn án: ìsàlẹ̀ odò, ibi tí ogun ò sí. Ó ní kí n fi àwọ̀ mìíràn kun ún kí òun lè tètè máa rí i. Onígbàjámọ̀ ní ọ̀dà yẹ́lò díẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ọ̀sán, Yẹ́lò ni gbogbo wọn ń pe ìlú náà.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ariwo tí máàpù fẹ́ dín kù ti di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń ṣe ti Ará Òkè ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún, àwọn ti Ará Ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹni tí ò bá mọ̀ tó bá jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Lónìí, Ọ̀gágun ní Ará Òkè ti gba ìlú méje. Onítáyà ní wọn ò gbà á, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn ni, ẹ̀tàn ni, bí a ṣe ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún eku. Ọkùnrin kan tó ń gẹrun lọ́wọ́ bínú dìde, ó jáde pẹ̀lú ìdajì orí. Onígbàjámọ̀ fi ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́ sáré tẹ̀lé e dé ìta. Ó ní gbogbo ìlú á sọ pé òun ló gẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ mi ni ṣọ́ọ̀kì wà. Òfin mi ni pé ibi tí rédíò méjèèjì bá ti fẹnu kò nìkan ni mo máa sún ìlà dé. Ọ̀gágun ra tíì fún mi, ó bẹ̀ mí kí n sún un ní ìka méjì péré. Mo mu tíì náà, mi ò sún un.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ọ̀dọ̀ Ará Ìsàlẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ torí ọmọ wa. Ìdajì kejì jẹ́ torí pé mi ò lè fara da kí Ọ̀gágun jàre.

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní ogun ni. Mi ò mọ ohun tó kan ogun nínú búrẹ́dì tí wọ́n ń yan ní òpópónà kejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Fóònù wọlé. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ti ń pe ọmọ náà, òun ló padà pè wá fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ó ní ilé ìwòsàn ti sọ pé àwọn bọ́ọ̀sì máa kó òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ sí ẹnu ibodè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Àbúrò mi bo ẹnu fóònù, ó wò mí. Ó ní kí ni kí òun sọ.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní odò wà láàárín òun àti ogun, mo ní ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù lu èèyàn, ẹni tó bá jókòó síbi tó dára kì í dìde lọ wá ibi tí ò mọ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Àbúrò mi sọ fún un pé, "Bùọ̀dá mi ti wo máàpù, ìsàlẹ̀ odò lo wà, ó ní kí o jókòó." Ó ní, "Mo ti gbọ́, màmá mi."

Àbúrò mi sunkún díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ìbá ṣe láìsí mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò látàárọ̀. Bí wọ́n bá ṣe bí wọ́n ṣe wí, àwọn bọ́ọ̀sì náà á ti lọ lónìí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Rédíò àárọ̀ ní Ará Òkè ti wọ Yẹ́lò láàárọ̀ àná, pé àwọn Ará Ìsàlẹ̀ fúnra wọn ló fọ́ afárá lẹ́yìn tí wọ́n sá kọjá tán. Bí ẹ bá rí ẹ̀rín nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo bẹ́ǹṣì apá òsì dìde. Onítáyà gbé ìka dúdú lé ògiri, ó ní, "Wọn ò tíì kan odò, wọ́n ti wọ Yẹ́lò. Ṣé wọ́n fò ni?" Ọ̀gágun pàápàá, ẹni tí ìròyìn náà gbè, wo ògiri, ó gbá rédíò létí, ó ní bóyá bátìrì ló ń ṣe é.

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo mú rúlà, mo dúró níwájú wọn bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì, mo ṣàlàyé pé àwọn tó ń ka ìròyìn ò kọ́ jọ́gíráfì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ṣí átíláàsì kí n lè gbé e lọ lónìí fi pa Ọ̀gágun lẹ́nu mọ́ pátápátá. Mo kà á látòkè. Ìlú náà wà nínú àpótí kejìlá. Mo tún un kà. Mo fi ìka kà á, mo fi pẹ́ńsù kà á, mo pe ìyàwó mi pé kó wá bá mi kà á láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Kejìlá ni.

Lára ògiri, inú àpótí kẹtàlá ni mo fi í sí. Odò ló wà láàárín àpótí méjèèjì. Òkè odò ni ọmọ náà wà láti ọjọ́ yìí wá, níwájú ogun gan-an. Rédíò ò purọ́. Èmi ni mò ń jiyàn lọ́jọ́ yẹn tí mo fo àpótí kan, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó jókòó.

Mi ò lè kọ̀wé mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti sọ ọ́. Àbúrò mi wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó dúró níwájú ògiri. Ó fi ìka kan Yẹ́lò jẹ́jẹ́, ó yíjú sí mi, ó ní òun gbọ́ ohun tí rédíò sọ, ṣùgbọ́n Onítáyà ti sọ fún òun bí mo ṣe já irọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ dára o, Bùọ̀dá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní orúnkún ń dùn mí, mo padà sílé.

Lọ́nà, mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta náà mo yí padà, mo tún yí padà.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. Mo rò pé yóò bú mi, n bá fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí àbúrò yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín àbí lẹ́nu mi? Ọjọ́ Àìkú ò ní bá ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé yìí." Mo ní bí mo bá sọ ọ́, kí ló máa yí padà, afárá ti fọ́, bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó ní kò ní yí nǹkan kan padà lọ́hùn-ún, ó ní níbí ni òun ń sọ.

Mo pe nọ́ńbà ọmọ náà ní ìgbà mẹ́tàlélógójì. Ohùn obìnrin kan ló ń dáhùn ní èdè tí mi ò gbọ́, ohùn kan náà ní gbogbo ìgbà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti sọ ọ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa ń kún. Ẹni tó ṣàṣìṣe ní gbangba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà lọ. Mo ní kí wọ́n pa rédíò méjèèjì, mo ní, "Mo fo àpótí kan nígbà tí mò ń ya máàpù yìí. Òkè odò ni Yẹ́lò wà." Mo kun ìlú náà síbi tó yẹ kó wà. Mo nu ìlà ṣọ́ọ̀kì, mo tún un fà. Ìlà náà wọ́.

Mo rò pé wọ́n á dákẹ́. Ọ̀gágun fò sókè, ó ní òun ti wí, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun dá, ọ̀sẹ̀ méjì náà ló jẹ́, ó ń bọ gbogbo apá ọ̀tún lọ́wọ́. Onítáyà ní wọ́n ti rà mí. Ó ní tíì tí Ọ̀gágun ra fún mi lọ́jọ́sí, gbogbo ayé ló rí i. Ẹnì kan ní kí n dá Yẹ́lò padà síbi tí mo kọ́kọ́ fi í sí, pé ibẹ̀ ló ti dáa jù. Ẹnì kankan ò bi mí pé ọmọ tó wà níbẹ̀ ńkọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n láti kékeré, onígbàjámọ̀ yìí náà ló ń gẹrun fún un kó tó lọ.

Nígbà náà ni mo rí i pé àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó jókòó." Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó fi sápò, ó sì lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti kọ́ ní òwe yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí ibi ìránṣọ rẹ̀. Ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò dúró, kò wò mí. Mo dúró títí ó fi rán ìbòrí ìrọ̀rí mẹ́rin tán. Mo kí i pé ó dàárọ̀, ó kí mi padà bí ẹni tó ń kí òṣìṣẹ́ iná mànàmáná.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Onítáyà ti ya máàpù tirẹ̀ sára ògiri tó dojú kọ tèmi. Fọ́tò tèmi àtijọ́ tí ẹnì kan ti fi fóònù yà ni wọ́n wò yà á. Nínú tiwọn, Yẹ́lò ṣì wà nísàlẹ̀ odò, Ará Ìsàlẹ̀ ò sì tíì pàdánù ohunkóhun. Apá òsì ń wo tiwọn, apá ọ̀tún ń wo tèmi, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Onígbàjámọ̀ ní ó kéré tán, ariwo ti dínkù. Mo sọ fún Onítáyà pé kó wo átíláàsì. Ó ní ta ló tẹ átíláàsì, ṣé kì í ṣe àwọn Ará Òkè náà ni.

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró, mo ní láti jáde síta.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Kò sí nǹkan kan. Ooru. Mo pe ọmọ náà ní ìgbà méjìdínlógún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìyàwó mi lọ kí àbúrò mi. Ó ní ó ń jẹun, ó ní kò sùn. Ó ní kò dárúkọ mi, òun náà ò sì dárúkọ mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe lọ, torí pé ibòmíràn ò sí tí mo lè sọ ọ́.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni àbúrò mi wọlé wá. Kò jókòó. Ó na fóònù sí mi, ojú rẹ̀ ti wú, ó ní, "Ó wà láàyè. Ó ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Mo gbé e lọ síbi fèrèsé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ohùn ti máa ń mọ́. Àbúrò mi dúró sí pálọ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ibòmíràn.

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ṣe é. Mo ka máàpù ṣì."

Ó ní fóònù ẹlòmíì ni, iṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún òun, kí n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ojoojúmọ́ ni mò ń wo odò yẹn lójú fèrèsé. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Nígbà tí màmá ní ẹ ti wo máàpù pé ìsàlẹ̀ odò ni mo wà, mo mọ̀ pé ẹ ti ṣì í."

Mo ní kí ló wá dé tí kò bá bọ́ọ̀sì lọ.

"Aláìsàn mọ́kànlá ni kò ṣe é gbé sínú bọ́ọ̀sì. Àwa nọ́ọ̀sì méjì la ní a ò ní lọ. Mo pè yín láti dágbére ni, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá. Ìgbà tó wá ní kí n jókòó, mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó ní àwọn ṣójà Ará Òkè ló kún ilé ìwòsàn báyìí, òun àti nọ́ọ̀sì kejì ń tọ́jú wọn pọ̀ mọ́ àwọn mọ́kànlá náà, àwọn tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú wọn náà ń bi òun pé ta ló ń borí. Kò sẹ́ni tó lè wọ̀lú, kò sẹ́ni tó lè jáde. Oògùn ń tán lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má sọ fún màmá pé èmi ni mo yàn án. Bó bá mọ̀, kò ní yé bi ara rẹ̀ pé kí ló fà á tí òun ò fi tó fún mi láti padà wálé. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé máàpù yẹn ni." Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀rọ já.

Mo nu ojú mi, mo padà sí pálọ̀. Àbúrò mi gba fóònù rẹ̀. Ó bi mí ohun tó sọ. Mo ní ó ní òun ń jẹun, iṣẹ́ pọ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń bínú sí yín?" Mo ní rárá, kò bínú.

Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Èmi ò tíì lè dárí jì yín, Bùọ̀dá."

Mo ní mo mọ̀.

Ó lọ. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi dẹ́ńdẹ́ tí mo fi ní láti di òpó mú. Gbólóhùn kan péré, ọkàn mi á fúyẹ́, àbúrò mi á sì padà máa wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Mo wò ó títí ó fi yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Kó máa bínú sí mi. Èmi wà nítòsí, ó lè rí mi bú.